Kọ̀ǹpútà Tí Ó Sọ Fún Baálẹ̀ Pé Kò Ní Àṣẹ

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Àgbọn, ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ààrò, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fárí lọ́wọ́, ẹ ní kí onígbàjámọ̀ dá abẹ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tí ẹ ti ń wá bọ́tìnnì kan ṣoṣo láti àárọ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá!

Èmi Àjàdí ni. Baálẹ̀ ló rán mi. Baálẹ̀ Adégoróyè, ọkọ Olorì Ibíyẹmí, bàbá Adéọtí. Òfin tuntun ti jáde! Mo tún un wí, òfin tuntun ti jáde! Kì í ṣe òfin ewúrẹ́. Kì í ṣe òfin ẹ̀rọ omi. Òfin ojú kọ̀ǹpútà ni!

Ṣùgbọ́n kí n tó ka òfin náà, Baálẹ̀ ní kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ó ní àwọn kan ti ń sọ ọ́ ní ìsọkúsọ kiri ìlú. Wọ́n ní Baálẹ̀ bá kọ̀ǹpútà jìjàkadì nínú gbọ̀ngàn, kọ̀ǹpútà sì dá a mọ́lẹ̀. Irọ́ ni! Irọ́ ńlá ni! Kọ̀ǹpútà kò dá Baálẹ̀. Ọ̀mì ni wọ́n ta.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Gbogbo wa la mọ àwọn kọ̀ǹpútà tó wà nínú gbọ̀ngàn ìlú. Ètò tó ń darí wọn tẹ́lẹ̀, àwọn onílé-iṣẹ́ kan ní ìlú òkèèrè ló ṣe é. Ó ń fà bí ìgbín. Bí ẹ bá tàn án láàárọ̀, ẹ lè lọ sóko, kí ẹ dé, kí ẹ tún bá a níbi tó ti ń mí hẹlẹ. Ni Láníyọnu, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò, bá dìde. Ó ní kí a má jìyà mọ́. Ó ní ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Línúsì, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó lè tú wò, tí ó sì lè tún ṣe bó ṣe wù ú. Ó ní kí a fọwọ́ ara wa kọ́ tiwa.

Ìlú gbà. Láníyọnu ṣe inú rẹ̀. Mojírọ́lá, obìnrin tó ń kọ pátákó fún àwọn onísọ́ọ̀bù, ló ṣe ojú rẹ̀. Àwọn mìíràn yí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá. A pe orúkọ rẹ̀ ní Àjọkọ́. Ó yá! Kò mí hẹlẹ! A jó yí gbọ̀ngàn ká lọ́jọ́ náà, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ṣí aṣọ lójú rẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: nítorí pé gbogbo ìlú ló kọ́ ọ, gbogbo ìlú ló fẹ́ kí ọwọ́ òun hàn níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọdẹ fi ìbọn sí i. Bí ẹ bá ti ń pa ìwé kan dé lójú kọ̀ǹpútà, ìbọn á dún gbàù! Ẹgbẹ́ akọrin fi orin sí i. Bí ẹ bá ti ń ṣí lẹ́tà, Halelúyà á dún, ìbáà jẹ́ lẹ́tà ìsìnkú. Ẹnìkan tí a kò tíì mọ̀ títí di òní fi aago kan síbẹ̀ tó ń rìn sẹ́yìn. Àmì kékeré kún ojú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn lẹ́yìn òjò. Ẹ sì wá bọ́tìnnì tí a fi ń pa ẹ̀rọ, ẹ ò ní rí i. Inú àpò kan ló wà, àpò náà wà nínú àpò mìíràn, èyí tí wọ́n kọ "Oríṣiríṣi" sí lára.

Mojírọ́lá lọ bá Láníyọnu. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká palẹ̀ ojú rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá wa ò rí ohun tí wọ́n ń wá."

Láníyọnu ní, "Kí ni wọ́n ń fi ojú wá? Ṣebí ojú dúdú wà níbẹ̀. Kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́, ẹ̀rọ á ṣe é."

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ojú dúdú, ẹ dúpẹ́. Àwo dúdú kan ni. Kò ní àwòrán, kò ní àmì. Àṣẹ ni ẹ ó máa kọ sí i, bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí gómìnà. Bí ẹ bá ṣi lẹ́tà kan kọ, kò ní dá yín lóhùn.

Mojírọ́lá ní, "Ìyá mi ò lè kọ àṣẹ, Bọ̀dá."

"Kí wọ́n kọ́ ọ."

"Ní ọjọ́ orí wọn?"

"Ìṣirò ò mọ ọjọ́ orí."

Ọ̀rọ̀ náà ká Mojírọ́lá lára. Ó ní nígbà tí òun ń ya ojú ẹ̀rọ, Láníyọnu kò mọ̀ pé ojú wúlò. Láníyọnu náà ní ọ̀dà pátákó ló ti wọ Mojírọ́lá lórí. Bí wọ́n ṣe tú ká nìyẹn. Láníyọnu mú ẹ̀dà tirẹ̀, ó pè é ní Àjọkọ́ Gidi. Mojírọ́lá mú tirẹ̀, ó pè é ní Àjọkọ́ Ẹlẹ́wà. Ìlú pín sí méjì. Àwọn tó ń lo Gidi kò kí àwọn tó ń lo Ẹlẹ́wà mọ́. Bàbá kan àti ìyàwó rẹ̀ ní Ìta-Òsè pín yàrá nítorí rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n wà láàárín yín níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń wolẹ̀.

Ibi tí a wà nìyí nígbà tí ayọ̀ wọlé Baálẹ̀.

Gbogbo wa la mọ Adéọtí, ọmọbìnrin Baálẹ̀, tó wà ní Kánádà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó pẹ́ tí ó ti ń retí ọmọ. Ó pẹ́ gan-an. Olorì ti gbààwẹ̀ títí tí ìró fi ń tú nídìí rẹ̀. Ọlọ́run wá dá a lóhùn. Adéọtí bí ọmọbìnrin. Baálẹ̀ ní òun ni òun máa sọ ọmọ náà lórúkọ láti ẹnu ara òun, lójú gbogbo ìlú, nínú gbọ̀ngàn, kí àwòrán ọmọ hàn gàdàgbà lára ògiri.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Oyin wà nílẹ̀, iyọ̀ wà nílẹ̀, atare wà nílẹ̀. Láníyọnu dúró sápá ọ̀tún, ó ká ọwọ́ gbera. Mojírọ́lá dúró sápá òsì, ó ń wo òrùlé. Àwọn ènìyàn ní kí ẹnìkan bá Baálẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Baálẹ̀ ní ká má bú òun. Ó fa àga, ó jókòó, ó wọ awójú, ó di máòsì mú bí ẹni di ẹyẹlé mú.

Ó tẹ ohun kìíní. Gbàù! Ìbọn dún. Odindi ìjòyè kan wọ abẹ́ tábìlì.

Ó tẹ òmíràn. Halelúyà! Àwọn akọrin tó wà lẹ́yìn gbè é láìmọ̀.

Ó wá rí àwòrán tẹlifóònù kan ní igun, ó kéré bí ẹyin iná orí. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà ronú díẹ̀. Ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, lójú tọmọdé tàgbà, lójú àwọn àna, lójú àlejò:

O KÒ NÍ ÀṢẸ LÁTI ṢE ÈYÍ.

Mo wà níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Ẹsẹ̀ mi sì ti ń wá ẹnu ọ̀nà.

Baálẹ̀ bọ́ awójú. Ó nù ún. Ó tún un wọ̀. Ó kà á sókè: "O... kò... ní... àṣẹ." Ó wo ẹ̀yìn. "Ta ló ń bá wí?"

Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ pé: TA NI Ọ́? KỌ ORÚKỌ RẸ ÀTI Ọ̀RỌ̀ AṢÍNÀ RẸ.

Baálẹ̀ dìde dúró! "Ta ni mí? Èmi Adégoróyè! Ọmọ ẹni tó tẹ ìlú yìí dó! Ìwọ ẹ̀rọ yìí, ọwọ́ mi yìí ló ṣí aṣọ lójú rẹ!"

Ẹ̀rọ náà kò gbin. Ìgbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ó ní: À Ń ṢE ÀTÚNṢE TUNTUN. MÁ PA Ẹ̀RỌ. Òbìrípo kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń yí, ó ń yí.

Ibẹ̀ ni fóònù Olorì ti dún. Adéọtí ni. "Màámi, ṣé kò sí nǹkan? Gbogbo wa ti jókòó. Ọmọ ti ń sunkún. Ṣé Bàámi ò fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ mọ́ ni?"

Omi lé ròrò sójú Olorì. Ó wo Láníyọnu lápá ọ̀tún. Ó wo Mojírọ́lá lápá òsì. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe ojú tó ń sọ pé ẹ̀dà ti ẹnìkejì ni ó wà lórí ẹ̀rọ yẹn. Olorì kò pariwo. Ó rìn lọ, ó di ọwọ́ Láníyọnu mú. Ó sọdá, ó di ọwọ́ Mojírọ́lá mú. Ó fà wọ́n dé iwájú, ó sì tẹ̀ wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ó ní, "Ọmọ mi ti dúró pẹ́ kó tó rí ọmọ yìí. Kò ní dúró de ìjà yín."

Àwọn méjèèjì kò wo ojú ara wọn. Láníyọnu fa kíbọọ̀dù mọ́ra, ó ṣí ojú dúdú, ó kọ nǹkan. Òbìrípo dúró. Ó tún kọ nǹkan. Ẹ̀rọ fún Baálẹ̀ ní àṣẹ. Láníyọnu wá padà sí ojú ẹ̀rọ láti tẹ tẹlifóònù náà, kò rí i mọ́. Ìgbà tó ti fi ojú wá nǹkan kẹ́yìn ti pẹ́. Ó wá òkè, ó wá ìsàlẹ̀. Àágùn yọ lórí imú rẹ̀. Gbogbo ìlú ń wo ìyà rẹ̀ lára ògiri.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mojírọ́lá, jọ̀ọ́, níbo lo gbé e sí?"

Mojírọ́lá ní, "Bọ̀dá, kì í ṣe èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ìlú ni."

Ó gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká ìbọn kúrò. Ó ká Halelúyà kúrò. Ó ká aago tó ń rìn sẹ́yìn kúrò. Bó ṣe ń yọ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹ̀rọ ń mọ́lẹ̀, títí ó fi ku tẹlifóònù kan ṣoṣo láàárín, ó tóbi bí àwo ìjẹun. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

Baálẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Adéọtí yọ lára ògiri! Ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, a fi fìlà òwú dé e lórí. Baálẹ̀ tó ti há ọ̀rọ̀ ìwúre gígùn sórí, kò rí ọ̀kankan sọ. Ó kàn na ọwọ́ sí ògiri. Ó pẹ́ kó tó ní, "Adétóún. Orúkọ rẹ ni Adétóún. Káàbọ̀." Ọmọ náà yán, ó sì sùn lọ. Gbọ̀ngàn hó yèè! Láníyọnu ń nu ojú. Ó ní eruku ni.

Ìdí nìyẹn tí Baálẹ̀ fi jókòó pẹ̀lú àwọn ìjòyè, tí òfin fi jáde. Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ àṣẹ!

Àṣẹ kìíní! Láti òní lọ, kọ̀ǹpútà kankan kò gbọdọ̀ fi "o" pe ènìyàn ní ìlú yìí. "Ẹ" ni! Mo ní "Ẹ" ni! Kọ̀ǹpútà kò mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, nítorí náà kí ó bọ̀wọ̀ fún gbogbo ènìyàn, ìbáà jẹ́ adìẹ ló gun kíbọọ̀dù. Èyí tó bá rú òfin yìí, a ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri títí di ọjọ́ ọjà.

Àṣẹ kejì! Kò sí ẹ̀rọ tó gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò ní àṣẹ, kí ó sì dákẹ́. Kí ó tọrọ àforíjì. Kí ó sọ ẹni tí a lè rí. Kí ó sọ ilé onítọ̀hún àti ìgbà tí ó máa ń wà nílé.

Àṣẹ kẹta! Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe nígbà tí àgbàlagbà bá jókòó sídìí rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ bèèrè. Bí wọ́n bá ní kò tíì yá, kò tíì yá nìyẹn. Ẹ̀rọ tó bá tún yí òbìrípo lójú Baálẹ̀, a ó yọ okùn iná rẹ̀, a ó sì so ó mọ́ igi àgbọn, kí àwọn ẹ̀rọ yòókù rí i.

Àṣẹ kẹrin! Ìbọn ti kúrò. Ẹgbẹ́ ọdẹ bẹ̀bẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ yìn ín nínú igbó. Ẹgbẹ́ akọrin náà bẹ̀bẹ̀, Olorì sì bá wọn bẹ̀. Halelúyà lè máa dún ní ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n kí ó rọra dún. Ẹni tó ni aago tó ń rìn sẹ́yìn, kí ó jáde wá. A ò ní lù ú. A kàn fẹ́ mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ̀ ni.

Àṣẹ kẹrin... rárá, mo ti ka ìyẹn. Àṣẹ karùn-ún! Bọ́tìnnì tí a fi ń pa ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà níta gbangba. Ẹnikẹ́ni tó bá tún fi nǹkan pamọ́ sínú "Oríṣiríṣi", a ó fi òun náà síbẹ̀!

Àṣẹ kẹfà! Ojú dúdú kò kúrò. Láníyọnu dọ̀bálẹ̀ gbalaja nítorí rẹ̀, a sì ti rí iṣẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹni tó fẹ́ ẹ, kí ó wọlé sí i. Ẹni tí kò fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Ẹni tó mọ ojú dúdú kò gbọdọ̀ fi ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a bá mú pé ó rẹ́rìn-ín, yóò kọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì gbọdọ̀ kanra. Mo tún un wí, kò gbọdọ̀ kanra! Mo rí àwọn kan tó ti ń gbọ̀n. Ó yẹ kí wọ́n gbọ̀n.

Àṣẹ keje! Kò sí Gidi mọ́. Kò sí Ẹlẹ́wà mọ́. Àjọkọ́ kan ló wà. Láníyọnu àti Mojírọ́lá yóò máa jókòó ṣiṣẹ́ lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Bí ọ̀kan bá bínú dìde, èkejì yóò gbé bẹ́ǹṣì náà lé e títí tí yóò fi jókòó. Ẹ ti rí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí Mojírọ́lá ń gbé bẹ́ǹṣì sáré gba ẹ̀gbẹ́ pápá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òfin ló ń ṣiṣẹ́. Bàbá àti ìyá Ìta-Òsè náà, kí ẹ padà sí yàrá kan.

Àṣẹ kẹjọ! Ohun tuntun kankan kò gbọdọ̀ dé ojú Àjọkọ́ àfi tí Ìyá Ọmọ́tọ́ún bá dán an wò. Ẹ mọ̀ wọ́n, ìyá tó dàgbà jù ní Ilé Alágbẹ̀dẹ, tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. A ó fi obì sí wọn lẹ́nu. Bí obì bá tán kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n ń wá, kí ẹni tó ṣe é gbé e padà lọ tún ṣe.

A ti dán èyí wò. Láníyọnu àti Mojírọ́lá gbé ojú tuntun jáde. Ìyá jókòó. Òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ran Ìyá lọ́wọ́. Láníyọnu ń jẹ èékánná. Mojírọ́lá di ojú. Ìyá wo ojú ẹ̀rọ bí ẹni wo ẹran lórí àtẹ. Ó ní, "Ayò ni mo fẹ́ ta. Èwo ni ayò níbí?" Ìyá rí ọpọ́n kan, ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ ní: Ẹ KÚ ÌJÓKÒÓ, ÌYÁ. TA NI Ẹ FẸ́ BÁ TA? Àwòrán àwọn ènìyàn sì yọ, láti ìlú wa àti láti àwọn ìlú mìíràn tó ti gba Àjọkọ́ lọ́wọ́ wa. Ìyá ń wò wọ́n lọ. Ó dúró lórí ọ̀kan. Ṣẹ́fúnkẹ́ ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó lọ sílé ọkọ ní Ìlárá-Odò. Ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì kò gbé wọn rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá arúgbó kan yọ lójú ẹ̀rọ, eyín rẹ̀ kò pé. Wọ́n wo ara wọn.

Ìyá Ọmọ́tọ́ún ní, "Ṣẹ́fúnkẹ́, ìwọ lo gbó báyìí?"

Tọ̀hún ní, "Ìwọ ńkọ́? Ó yá, ta ayò, ọ̀pẹ́ tí mo máa ń pa."

Obì ṣì wà lẹ́nu Ìyá. Ojú tuntun yege! Láníyọnu gbá Mojírọ́lá mọ́ra, wọ́n rántí ìjà wọn, wọ́n yára fi ara wọn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí a kò rò tẹ́lẹ̀, òun sì ni àṣẹ ìkẹyìn. Ìyá kò dìde mọ́! Ọjọ́ ọjà ti kọjá, Ìyá ṣì ń ta ayò. Ilé ló ti ń sùn, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, ìdí ẹ̀rọ ni. Nítorí náà, àṣẹ kẹsàn-án! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní kí Ìyá dìde. Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ yẹn, kí ó tò. Bí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, èmi pàápàá, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ kígbe.

Baálẹ̀ náà wà lára àwọn tó tò. Ó fẹ́ kí Adétóún. Lánàá, ó na ọrùn wọ ojú fèrèsé, ó wo ọpọ́n títí, ara kò gbà á mọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ ilé kẹta yẹn."

Ìyá kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Dákẹ́, Adégoróyè."

Baálẹ̀ dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán mi nìyí, mi ò bù ú, mi ò bù mọ́ ọn. Ẹni tí etí rẹ̀ ṣí, kó lọ jí ẹni tó ń sùn. Èmi Àjàdí ni mo kígbe, Òkè-Àgbọn ló ni ìlú. Ó di àdúgbò kejì o!